Okùn Tí Ìyá Bùnú Kò Béèrè

Títí di òní olónìí, bí mo bá gbọ́ tí àgbàlagbà kan pe "okun" nítòsí mi, ẹsẹ̀ mi ni yóò kọ́kọ́ mira kí orí mi tó rántí pé mo ti di ìyá àgbà, pé orúnkún ń dùn mí, àti pé kò sí kànga nílé mi mọ́. Àwọn ọmọ mi ti fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó ló ń ṣe mí. Ọdún tí ìyá mi bí ìbejì, tí ara rẹ̀ kò sì tètè yá, ni bàbá mi mú mi láti Ọ̀yọ́ lọ sí Lọ́kọ́ja, pé kí n máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní àdúgbò Kabawa. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Màmá Lọ́kọ́ja ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, nítorí pé láti ìgbà tí ọkọ ti mú un lọ sí ìlú náà, kò gbé Ọ̀yọ́ mọ́. Káfíńtà ni bàbá mi, iṣẹ́ ń dúró dè é nílé, kò sì lè lò ju ọjọ́ méjì lọ lọ́dọ̀ wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó fẹ́ padà, ó lóṣòó níwájú mi, ó ní, "Àdùkẹ́, bí wọ́n bá ti kórè ọkà bàbà tán, màá padà wá wò ọ́. Bí ibí kò bá bá ọ lára mu, kí o sọ fún mi. A ó jọ lọ sílé ni." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń tú wò láràárọ̀ lẹ́yìn tí ó lọ.

Agboolé wa ní Kabawa kì í dákẹ́. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí Bàbá Aránṣọ, ọkọ Màmá Lọ́kọ́ja, yóò ti kírun, tí yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí yóò sì ké sí gbogbo yàrá pé, "Ẹ dìde, oòrùn ti jẹun tán," bẹ́ẹ̀ oòrùn ọ̀hún kò tíì bọ́jú. Ará Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Kabawa ni wọ́n bí i sí, Haúsá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ nígbà tí inú bá ń bí i. Kò pẹ́ tí ìgbálẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí gúgà tí a fi ń fa omi yóò máa kọlu ara kànga lọ sísàlẹ̀, tí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ yóò sì máa kùn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Lọ́kọ́ja yóò ti dáná sí ààrò ńlá tó fi ń yan ẹja, èéfín yóò wọ aṣọ wa, yóò wọ irun wa, ó sì dá mi lójú pé ó ń wọ inú ẹ̀kọ tí à ń mu pàápàá. Apẹja kan tó jẹ́ Nupe ló ń gbé yàrá tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti Hàwá ọmọ wọn, ẹgbẹ́ mi. Ní agbàlá yẹn, ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ àwàdà ní èdè Nupe, kí ẹlòmíràn gbè é lẹ́sẹ̀ ní Haúsá, kí Màmá Lọ́kọ́ja parí rẹ̀ ní Yorùbá Ọ̀yọ́, kí gbogbo wọn sì jọ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò mọ ibi tí ẹ̀rín wà.

Ká má parọ́, wọn kò fìyà jẹ mí. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn, nítorí n kò rí ohun tí mo lè tọ́ka sí. Màmá Lọ́kọ́ja gbé mi gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Orí ẹja tó sanra jù, èmi ló ń bù ú fún. Orí ẹní tuntun ni mò ń sùn. Bí mo bá fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ mi, á ní, "Jókòó, ọkọ mi, má da ara rẹ láàmú." Bí mo bá fẹ́ tẹ̀lé Hàwá lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, á ní, "Rárá o, omi yẹn tutù." Ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kan ìṣó mélòó kan mọ́ ara ògiri, ife olúkúlùkù sì ń rọ̀ lórí ìṣó tirẹ̀. Ti Bàbá Aránṣọ ni aláwọ̀ ewé, ti Hàwá ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tèmi kò sí níbẹ̀. Ife gíláàsì olódòdó tí Màmá Lọ́kọ́ja ń tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn àlejò ló fi ń bu omi fún mi, bí mo bá sì mu ún tán, á fọ̀ ọ́, á nù ún, á tì í mọ́ ibẹ̀ padà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, "Hàwá, gbálẹ̀, Hàwá, lọ ra iyọ̀ wá, Hàwá, wo ọbẹ̀ fún mi" ni à ń gbọ́, Hàwá a sì máa pòṣé pé wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ pa òun. Èmi á jókòó sórí ẹní mi bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ojú rẹ̀ á sì máa wọ̀ mí. Ǹ bá fún un ní gbogbo orí ẹja tó wà nínú odò náà, kí ẹnì kan ṣáà sọ pé, "Àdùkẹ́, lọ ra iyọ̀ wá."

Nísinsìnyí tí èmi náà ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ohun tó wà lọ́kàn Màmá Lọ́kọ́ja yé mi. Kò bímọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ bàbá mi pé kí ó fún òun ní ọ̀kan nínú wa, nígbà tí ó sì rí mi gbà, ẹ̀rù ń bà á kí ará Ọ̀yọ́ má lọ sọ pé ó sọ ọmọ àbúrò rẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ń tọ́jú mi kí n má baà lọ. Bí ó ṣe ń tọ́jú mi yẹn gan-an ló sì ń mú kí n máa ka ọjọ́ tí bàbá mi máa dé. Àwa méjèèjì ń fẹ́ ohun kan náà, a kò kàn mọ bí a ṣe máa sọ ọ́ fún ara wa.

Mo ti lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ìyá Bùnú tó dé. Láti ìgbà tí mo ti dé ni yàrá rẹ̀ ti wà ní títì, torí ó lọ sí ìlú wọn ní Bùnú láti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, aṣọ kíjìpá ló ń hun lórí òfì tó gbé ti ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó bá sọ, bóyá ni mo ń gbọ́ mẹ́fà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi dóńgóyárò, mò ń rin pákò, kò sí ohun tí mò ń ṣe. Ó jáde, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Okun o, ọmọ mi." Ohùn tó tẹ́jú ló yẹ kí èèyàn fi pe ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti wá mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n eyín Ìyá Bùnú ti dín, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa já wálẹ̀. Okùn ni èmi gbọ́. Okùn tó ń rọ̀ lórí ẹ̀ka dóńgóyárò, èyí tí a fi ń so gúgà. Mo wo ẹ̀yìn bóyá Hàwá ló ń bá wí. Kò sí ẹnì kankan. Èmi ni. Ẹnì kan rán mi níṣẹ́ nínú agboolé yìí.

Inú mi dùn débi pé mo ju pákò nù. Mo fò mú okùn náà, mo ká a jọ, ó tutù, ó sì wúwo, mo sáré gbé e lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ìyá Bùnú wo okùn, ó wo ojú mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó na ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbà á, ó sì ní, "O ṣé é, ọmọ mi. O káre." Ó gbé e lọ sí ìdí kànga, ó so gúgà mọ́ ọn, ó fa omi ìkòkò kan, ohun tí kò ṣe láti ọdún mélòó kan, nítorí ìyá Hàwá ló máa ń bá a pọnmi. Ó ní kí n gbé okùn padà síbi tí mo ti mú un. Mo gbé e padà. Iṣẹ́ méjì ní àárọ̀ kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò jẹ́ kí Bàbá Aránṣọ jí mi mọ́. Bí Ìyá Bùnú bá ti ṣí ilẹ̀kùn, tó ní, "Okun o," okùn á ti wà lọ́wọ́ mi. Nígbà míì, n kì í tilẹ̀ dúró kó pè é, màá ti gbé e sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó jí. Kò bá mi wí rí, kò sì fi mí rẹ́rìn-ín rí. Bí kò bá fẹ́ fa omi, á fi okùn náà ṣe àwáwí, á ní kí n bá òun tú ibi tó ta kókó, tàbí kí n bá òun wò ó bóyá ó ti fẹ́ já. Lẹ́yìn náà, á ní kí n jókòó ti òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, á fún mi ní iṣu sísun tó fi epo pa, á sì máa hun aṣọ rẹ̀ lọ, okùn kànga á wà lẹ́sẹ̀ wa níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ méje nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá rẹ̀, lẹ́yìn náà mẹ́jọ. Ọ̀kan ṣoṣo tí n kò tètè gbọ́ ni èyí tó ń sọ fún mi láràárọ̀.

Ó ṣe, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Aránṣọ fẹ́ ṣe àlùwàlá, kò rí okùn lórí dóńgóyárò. Ó wá a títí, ìrun sì ti ń kọjá lọ. Haúsá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀, gbogbo yàrá bá ṣílẹ̀kùn. Hàwá ní, "Àdùkẹ́ ló ń gbé e láràárọ̀. Mo máa ń rí i." Wọ́n yíjú sí mi. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀, mo nà ró, mo ní, "Ìyá Bùnú ló ń rán mi. Àwọn ló ń ní kí n gbé okùn wá láràárọ̀." Wọ́n pe Ìyá Bùnú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Màmá Lọ́kọ́ja bi mí pé, "Kí ni wọ́n sọ gan-an, ọkọ mi?" Mo ní, "Wọ́n ní, 'Okùn o.'"

Ẹ̀rín tó bú jáde nínú agbàlá yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní òdìkejì odò. Bàbá Aránṣọ gbàgbé ìrun, ó jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú. Nígbà tí ó rí èémí, ó ní, "Àdùkẹ́, ìkíni ni. Bí àwọn ará ìhà Bùnú, Ìjùmú, gbogbo wọn ṣe ń kí èèyàn nìyẹn. Okun, agbára. Wọ́n ń ṣàdúrà fún ọ kí okun má tán lára rẹ. Ìwọ wá lọ gbé okùn kànga fún wọn!" Hàwá ń yí nílẹ̀. Màmá Lọ́kọ́ja pàápàá fi etí aṣọ bo ẹnu. Ojú tì mí, àmọ́ kì í ṣe ìtìjú ló mú mi sunkún. Ohun tó dùn mí wọra ni pé kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ rí. Láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mò ń rán ara mi, arúgbó kan sì ń ṣàánú mi.

Mo wọ yàrá lọ, n kò jáde títí di ìrọ̀lẹ́. Mo di aṣọ mi sínú ìborùn kan, mo gbé e sí ìgbèrí mi, mo sì fi àáké kọ́rí pé bí bàbá mi bá ti dé, mo ti lọ nìyẹn. Màmá Lọ́kọ́ja rí ìdì aṣọ náà. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Bùnú kò kí mi. Ó rí mi, ó mi orí, ó wọlé. Mo mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ náà má tún dùn mí ni, ṣùgbọ́n àìkí yẹn tún burú ju ẹ̀rín lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí òun àti Màmá Lọ́kọ́ja ń sọ̀rọ̀ nídìí ààrò. Ìyá Bùnú ní, "Ọmọ yìí ń wá ẹni tó máa rán an níṣẹ́. Ẹ gbé e sórí ẹní bí àlejò, ó sì ti ń ṣe bí àlejò: ó ti di ẹrù rẹ̀." Màmá Lọ́kọ́ja ní, "Mi ò fẹ́ kó rò pé iṣẹ́ ni mo mú un wá ṣe." Mo gbọ́ tí Ìyá Bùnú bá a yí ẹja kan lórí iná.

Bàbá mi dé ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ tó fi okùn dì, nítorí ó ní iṣẹ́ tó fẹ́ yà ṣe ní Kàbà bó bá ń lọ. Ara ìyá mi ti yá, àwọn ìbejì ti ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Ṣé ibí bá ọ lára mu?" N kò lè sọ ọ̀rọ̀ okùn fún un, ojú ń tì mí. Mo kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé." Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Màmá Lọ́kọ́ja ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, mi ò lè dè é mọ́lẹ̀." Ó sì lọ bá mi yan ẹja tí n óo gbé lọ fún ìyá mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ọkọ̀ ti ń pèrò. Bàbá mi gbé ìdì aṣọ mi, a jáde sí agbàlá, gbogbo wọn sì wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Ìyá Bùnú sọ̀rọ̀ láti ìdí òfì rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Àdùkẹ́, okùn o." Ó fa ìparí rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, kedere, kò sí ẹni tó lè ṣì í gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ìdí dóńgóyárò kí n tó rántí pé mò ń lọ sí Ọ̀yọ́. Mo gbé okùn fún un. Ó ní, "Gúgà ńkọ́? Ṣé ẹnu ni màá fi fa omi ni?" Mo sáré lọ mú gúgà. Mo ṣì ń so ó nígbà tí Màmá Lọ́kọ́ja ké láti ìdí ààrò pé, "Àdùkẹ́, bí o bá ṣe tán níbẹ̀, wá yí ẹja wọ̀nyí kí wọ́n má jóná mọ́ mi lọ́wọ́." Bàbá Aránṣọ ní abẹ́rẹ́ òun ti bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ maṣíìnì, ojú òun kò ríran, kí n wá bá òun wá a, kí n sì yára. Hàwá káwọ́ lérí, ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Wọ́n ti mú ẹ."

Bàbá mi ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìdì aṣọ mi wà lábíyá rẹ̀. Ó ní, "Àdùkẹ́, ọkọ̀ ń dúró dè wá." Èmi tí okùn wà lọ́wọ́ mi, mo dá a lóhùn láì wo ẹ̀yìn. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa lọ ná. Wọ́n rán mi níṣẹ́."

Kò lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé ìdì náà padà sínú yàrá, ó tú àpótí rẹ̀, ó mú òòlù, òun fúnra rẹ̀ ló sì kan ìṣó mi mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ti Hàwá. Ife páànù tí etí rẹ̀ ti hó ni Màmá Lọ́kọ́ja gbé kọ́ ọ. N kò tún fẹnu kan ife gíláàsì yẹn mọ́ títí mo fi relé ọkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí bàbá mi wá ń lọ lóòótọ́, Ìyá Bùnú bá wa pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ó mi orí sí bàbá mi, ó ní, "Okun o." Bàbá mi wò ó, ó wo àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ já arúgbó kulẹ̀. Ló bá lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ara àpótí náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Wọ́n ń kí yín ni. Bí a ṣe ń kí èèyàn nílé wa níbí nìyẹn."